Gbólóhùn Kání Nínú Jiọ́mẹ́tírì

Gbólóhùn kání ni àwọn onígírámà Yorùbá ń pe gbólóhùn tí "bí" àti "bá" so awẹ́ rẹ̀ méjì pọ̀. Irú gbólóhùn yìí ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òfin jiọ́mẹ́tírì. Bí àpẹẹrẹ: bí ẹ̀gbẹ́ méjì onígun mẹ́ta bá dọ́gba, igun méjì tó kọjú sí àwọn ẹ̀gbẹ́ náà dọ́gba pẹ̀lú. Awẹ́ tí "bí" ṣáájú ni a lè pè ní ìfilélẹ̀, ohun tí a gbà pé ó ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Awẹ́ kejì ni àbájáde, ohun tí kò lè ṣàìtẹ̀lé e. Gbólóhùn náà kò sọ pé irú onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ wà níbì kan. Kò sọ nǹkan kan nípa onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Ìdè tó wà láàárín awẹ́ méjèèjì nìkan ló ń sọ, ìdè náà sì ní orí, ó ní ìdí: ó ń ti ọ̀dọ̀ ìfilélẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbájáde, kò ṣèlérí pé òun yóò padà.

Òfin mìíràn a máa bo "bí" mọ́lẹ̀. "Gbogbo súkúwíà ló ní igun 90 dìgírì mẹ́rin" kò ní "bí" kankan nínú, síbẹ̀ gbólóhùn kání ni: bí àwòrán kan bá jẹ́ súkúwíà, igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 90 dìgírì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rí ti òfin kan lẹ́yìn ni kí ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kí ó kọ ohun tí wọ́n fún un sí apá kan, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n ní kó fi hàn sí apá kejì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kígbe pé jiọ́mẹ́tírì le, ibi yìí gan-an ni wọ́n ti ṣìnà. Kí wọ́n tó dé ìlà kẹta iṣẹ́ wọn, wọ́n ti ná àbájáde bí ẹni ń ná owó tí kò tíì wọlé.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbólóhùn kání fi lè di irọ́: kí ìfilélẹ̀ wà, kí àbájáde má sì wà. Àpẹẹrẹ kan péré tó bá rí bẹ́ẹ̀ ti tó láti wó o lulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún àpẹẹrẹ tó bá a mu kò tó láti gbé e dúró. Ká mú ẹni tó sọ pé bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin onígun mẹ́rin bá dọ́gba, súkúwíà ni. Kò sí ìdí fún àríyànjiyàn gígùn. Kí ó kan igi mẹ́rin tó gùn dọ́gba pọ̀, kí ó fi ìṣó kan ṣoṣo sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ó wá fi ọwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi kò gùn sí i, kò kúrú, ṣùgbọ́n férémù náà ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò sí igun 90 dìgírì kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìfilélẹ̀ kò bá sí rárá ńkọ́? Gbólóhùn náà kò di irọ́. Ẹni tó ní bí òun bá dé Ìbàdàn òun á ra àmàlà, tí kò wá dé Ìbàdàn, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ àmàlà náà níbòmíràn tàbí kó má jẹ ẹ́.

Àdánwò kan wà tó fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́n pàápàá. Ní 1966, Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé e kalẹ̀. Káàdì mẹ́rin wà lórí tábìlì, lẹ́tà wà ní ojú kan, nọ́ńbà wà ní ojú kejì. Èyí tó hàn sójú ni E, K, 4 àti 7. Òfin tó wà nílẹ̀ ni pé bí fáwẹ̀lì bá wà ní ojú kan káàdì, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba ló wà ní ojú kejì. Káàdì wo ló pọn dandan kí a ṣí láti mọ̀ bóyá òfin náà rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló ń mú E àti 4, tàbí E nìkan. E tọ̀nà. Ṣùgbọ́n 4 kò lè tú àṣírí kankan, nítorí òfin náà kò sọ pé fáwẹ̀lì nìkan ló lè wà lẹ́yìn 4. Kọ́ńsónáǹtì wà níbẹ̀ o, fáwẹ̀lì wà níbẹ̀ o, kò sí ohun tó bàjẹ́. Káàdì 7 ló yẹ ní ṣíṣí, nítorí bí fáwẹ̀lì bá fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, òfin ti wó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń rántí rẹ̀. Ní 1982, Griggs àti Cox, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Fulọ́rídà, pààrọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ ilé ọtí: bí ènìyàn bá ń mu bíà, ó gbọ́dọ̀ ti ju ọmọ ọdún 19 lọ. Kíá ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bi mọ̀ pé ẹni tó ń mu bíà àti ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ló yẹ kí a yẹ̀ wò. Ìṣirò kan náà ni. Ó yẹ kí olùkọ́ tó ń fi àwòrán lásán kọ́ ọmọ ìwé ní gbólóhùn kání ro èyí dáadáa.

Láti inú gbólóhùn kání kan, a lè fa mẹ́ta mìíràn yọ. Ká fi èyí ṣe àpẹẹrẹ: bí ènìyàn bá wà ní Òṣogbo, ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí a bá pààrọ̀ ipò awẹ́ méjèèjì, a ó ní ìyípo rẹ̀: bí ènìyàn bá wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó wà ní Òṣogbo. Àwọn ará Iléṣà àti Ẹdẹ yóò fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Bí a bá fi ìyísódì sí awẹ́ méjèèjì láìpààrọ̀ ipò wọn, a ó ní: bí ènìyàn kò bá sí ní Òṣogbo, kò sí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ará Iléṣà kan náà ló máa wó èyí pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta ni kí a pààrọ̀ ipò, kí a tún fi ìyísódì sí i: bí ènìyàn kò bá sí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sí ní Òṣogbo. Èyí kò ṣeé jà níyàn, nítorí ohun kan náà ló ń sọ pẹ̀lú gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ló ti wo ọ̀rọ̀ náà. Òun sì ni káàdì 7.

Leonhard Euler, nínú àwọn lẹ́tà tó kọ sí ọmọ ọba obìnrin kan ní Jámánì láàárín 1760 sí 1762, ń ya òbíríkítí sínú òbíríkítí láti fi irú nǹkan báyìí hàn. Òṣogbo ni òbíríkítí kékeré, Ọ̀ṣun ni ńlá tó yí i ká. Ẹni tó wà nínú kékeré ti wà nínú ńlá. Ẹni tó wà lóde ńlá kò lè sí nínú kékeré. Ẹni tó wà nínú ńlá, a kò tíì mọ ibi tó wà gan-an.

Euclid, tó kọ ìwé *Elements* ní Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, mọ ewu ìyípo dáadáa. Apá mẹ́tàlá ni ìwé náà ní, nínú apá kìíní nìkan, léraléra ni ó fi ẹ̀rí ti òfin kan lẹ́yìn, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun láti fi ẹ̀rí ti ìyípo rẹ̀ lẹ́yìn. Òfin 5 sọ pé ẹ̀gbẹ́ tó dọ́gba ń mú igun tó dọ́gba wá. Òfin 6 sọ pé igun tó dọ́gba ń mú ẹ̀gbẹ́ tó dọ́gba wá. Òfin 18 àti 19 jẹ́ ìyípo ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni 47 àti 48. Kò sígbà kan tó ní "bẹ́ẹ̀ náà ni ìdàkejì rẹ̀" kó sì kọjá lọ.

Òfin 5 ti da ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé láàmú débi pé àwọn ará Yúróòpù sọ ọ́ ní afárá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ̀rí Euclid fúnra rẹ̀ gùn, ó sì kún fún ìlà tó ń ti ìsàlẹ̀ àwòrán yọ jáde. Pappus, òun náà ará Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí ọdún 320 lẹ́yìn ìbí Kristi, ṣe é ní ṣókí. Ká pe onígun mẹ́ta náà ní ABC, tí AB àti AC dọ́gba. Ká kà á lẹ́ẹ̀kan bí ABC, ká tún kà á lẹ́ẹ̀kejì bí ACB, bí ìgbà tí a da tákàdá dé. AB ti kíkà àkọ́kọ́ dọ́gba pẹ̀lú AC ti ìkejì. AC dọ́gba pẹ̀lú AB. Igun A dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun àárín wọn bá dọ́gba nínú onígun mẹ́ta méjì, gbogbo ìyókù dọ́gba. Nítorí náà igun B dọ́gba pẹ̀lú igun C. Ẹ̀rí yìí fi hàn bí gbólóhùn kání ṣe ń ṣiṣẹ́: òfin kan wà nílẹ̀ tó ní "bí", a fi hàn pé ìfilélẹ̀ rẹ̀ pé, a wá gba àbájáde rẹ̀ bí ẹni gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àbájáde yẹn a máa di ìfilélẹ̀ fún òfin tó kàn, títí a ó fi dé ibi tí a ń lọ.

Àwọn bíríkìlà ń lo òfin 48 lójoojúmọ́ láìmọ orúkọ rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá igun ìpìlẹ̀ ilé jẹ́ 90 dìgírì, wọ́n á na okùn, wọ́n á wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 láti èèkàn igun náà sí apá kan, wọ́n á wọn 4 sí apá kejì, wọ́n á wá fi tépù wo àlàfo tó wà láàárín àmì méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ 5, igun náà pé. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ̀, wọ́n á lo 6, 8 àti 10. Gbogbo ènìyàn ló máa ń pe èyí ní òfin Pythagoras, àmọ́ ohun tí òfin Pythagoras, tí í ṣe òfin 47, sọ ni pé bí igun bá jẹ́ 90 dìgírì, ìlọ́po ẹ̀gbẹ́ kúkurú méjèèjì ní ara wọn, tí a bá rò ó pọ̀, yóò bá ti ẹ̀gbẹ́ gígùn mu: 9 àti 16 jẹ́ 25. Bíríkìlà kò tíì mọ̀ pé igun náà jẹ́ 90. Ohun tó fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Gígùn ló ní lọ́wọ́, igun ló ń wá. Ìyípo ni ó ń lò, bí ìyípo yẹn kò bá jẹ́ òótọ́ ni, okùn àti tépù rẹ̀ ìbá jẹ́ asán.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Bí tépù bá fi ẹsẹ̀ bàtà 5 hàn, òfin 48 ló ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá fi 5 àti ínṣì 2 hàn, tí bíríkìlà sì ní igun náà kò pé, òfin 48 kò lọ́wọ́ sí i. Òfin 47 ló gbà á láyè láti sọ bẹ́ẹ̀, láti ẹ̀yìn wá: bí àlàfo náà kò bá jẹ́ 5, igun kò jẹ́ 90. Ìwọ̀n kan ṣoṣo, òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Káfíńtà tó ń kan férémù ilẹ̀kùn ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ń wọn láti igun dé igun tó dojú kọ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń wò ó bóyá ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba. Òótọ́ ni pé bí férémù bá jẹ́ rẹkitángù, ìwọ̀n méjèèjì á dọ́gba. Ìyípo rẹ̀ ńkọ́? Férémù tí igi òkè rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, tí igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4, tí àwọn igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dà wọnú bákan náà, ìwọ̀n rẹ̀ láti igun dé igun dọ́gba, kò sì sí ẹni tó máa gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ káfíńtà kò ṣe àṣìṣe, nítorí kí ó tó kan férémù náà ni ó ti gé igi òkè bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba, tí ó sì gé igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ara wọn dọ́gba. Ìfilélẹ̀ rẹ̀ ní "àti" nínú: bí àwọn ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọra bá dọ́gba, *àti* bí ìwọ̀n láti igun dé igun bá dọ́gba, rẹkitángù ni. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wo ọ̀gá rẹ̀ tó ń wọn férémù, tí kò wò ó nígbà tó ń gé igi, ìdajì ìfilélẹ̀ ló mú lọ.

Bí gbólóhùn kan àti ìyípo rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́ pọ̀, a lè so wọ́n di ọ̀kan: ẹ̀gbẹ́ méjì onígun mẹ́ta dọ́gba bí igun méjì rẹ̀ bá dọ́gba, àti kìkì bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. "Bí" nìkan ń sọ ohun tó tó. "Kìkì bí" ń sọ ohun tí kò ṣeé má ní. Gbogbo ìtumọ̀ orúkọ nínú jiọ́mẹ́tírì ló ń lọ sí ọ̀nà méjèèjì báyìí, kódà nígbà tí ìwé bá kọ "bí" ṣoṣo. Ìtumọ̀ sì lè yí òótọ́ padà. Àwọn ìwé òde òní gbà pé súkúwíà jẹ́ ọ̀kan lára rẹkitángù. Euclid kò gbà bẹ́ẹ̀: àwòrán gbọọrọ rẹ̀ ni èyí tí igun rẹ̀ pé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì dọ́gba. Bí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí gbólóhùn kan nípa rẹkitángù, ó dára kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè irú ìwé tí olúkúlùkù kà.

Ìyísódì fúnra rẹ̀ gba ìṣọ́ra. "Gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba": ṣé kò sí méjì tó dọ́gba ni, àbí ó kéré tán ọ̀kan yàtọ̀? Gbólóhùn náà gba ìtumọ̀ méjèèjì lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Kì í ṣe gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dọ́gba" ló ṣe kedere, òun sì ni ìyísódì tòótọ́ fún "gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba". Bákan náà, ẹni tó fẹ́ sọ pé àwòrán kan kì í ṣe súkúwíà kò ní láti fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba, igun rẹ̀ kò sì pé. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó. Ìyísódì ti sọ "àti" di "tàbí", "tàbí" inú jiọ́mẹ́tírì sì gbà kí méjèèjì ṣẹlẹ̀ pọ̀.

Ibi tí ìyísódì ti lágbára jù ni ẹ̀rí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irọ́. Èdè Yorùbá ní irinṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Bí mo bá lówó, n ó kọ́lé" kò sọ bóyá owó ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. "Ká ní mo lówó ni, ǹ bá kọ́lé" ti jẹ́ kí a mọ̀ pé owó kò sí. "Ká ní" àti "ìbá" ni Euclid nílò fún òfin 6, níbi tó ti kọ́kọ́ lo irú ẹ̀rí yìí. Igun B àti igun C dọ́gba. Ó fẹ́ fi hàn pé AB àti AC dọ́gba. Ká ní wọn kò dọ́gba ni, ọ̀kan ìbá gùn ju èkejì lọ. Ká ní AB ló gùn jù, à bá lè fi àmì D sórí rẹ̀, kí BD lè gùn tó AC. Nígbà náà, onígun mẹ́ta DBC àti ACB ìbá ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dọ́gba pẹ̀lú igun àárín tó dọ́gba, wọn ìbá sì bá ara wọn mu pátá. Ṣùgbọ́n DBC wà nínú ABC, apá kan rẹ̀ ni. Apá kan kò lè tó odindi. "Ká ní" náà ti já, ohun tó kù ni pé AB àti AC dọ́gba.

Irú ẹ̀rí yìí kan náà ni wọ́n fi lé ìyípo kan kiri fún ohun tó lé ní 2000 ọdún. Òfin 17 sọ pé bí ìlà méjì bá pàdé tí ìlà kẹta sì gé wọn kọjá, igun inú méjì tí wọ́n jọ ṣe pẹ̀lú ìlà kẹta náà, ní apá ibi tí wọ́n ti pàdé, kò tó 180 dìgírì. Euclid fi ẹ̀rí tì í. Ìyípo rẹ̀ ni pé bí igun inú méjèèjì ní apá kan kò bá tó 180, ìlà méjèèjì yóò pàdé ní apá yẹn tí a bá fà wọ́n jìnnà tó. Euclid kò rí ẹ̀rí fún un. Ó kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbà á, ó fi í sí ipò karùn-ún nínú àwọn ohun tó ní kí a gbà láìjiyàn, kò sì lò ó rárá títí ó fi dé òfin 29. Ní ọ̀rúndún karùn-ún, Proclus ní Áténì sọ pé kò yẹ kí òfin ní ẹ̀rí kí ìyípo rẹ̀ máa tọrọ gáfárà, ó sì gbìyànjú láti fi ẹ̀rí tì í. Ibn al-Haytham gbìyànjú. Omar Khayyam gbìyànjú.

Ní 1733, Girolamo Saccheri, àlùfáà ará Ítálì, gba ọ̀nà "ká ní". Ó gbé ìlà méjì tó dọ́gba dúró ṣánṣán lórí ìlà kan, ó fi ìlà kẹrin so orí wọn pọ̀, ó sì ní ká ní igun òkè méjèèjì kò tó 90 dìgírì. Ó ń retí kí irọ́ náà tú fúnra rẹ̀. Ojú ìwé ń lọ, òfin àjèjì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ta ko èkejì. Nígbà tó sú u, ó kéde pé ohun tí òun rí kò bá ìwà ìlà tó tọ́ mu, ó sì ka ìyẹn sí ẹ̀rí. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ rẹ̀ lónìí yóò rí i pé "ká ní" rẹ̀ kò já rárá. Nikolai Lobachevsky ní Kazan ní 1829 àti János Bolyai ará Họ́ngárì ní 1832 gba "ká ní" kan náà, wọ́n sì sọ ọ́ di "bí". Wọ́n kọ jiọ́mẹ́tírì odindi lé e lórí, nínú èyí tí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta onígun mẹ́ta kì í pé 180. Ní 1868, onímọ̀ ìṣirò Eugenio Beltrami fi hàn pé a lè kọ́ jiọ́mẹ́tírì wọn sínú ti Euclid fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ẹ̀rí fún ìyípo náà láti inú àwọn òfin yòókù. Gbólóhùn kání ni ìdáhùn tó tibẹ̀ wá: bí ti Euclid kò bá ta ko ara rẹ̀, tiwọn náà kò ta ko ara rẹ̀.